Ihò Tó Gbé Imú Ìyá Lọ

Ẹ má dárúkọ mi sí i o. Èmi kì í ṣe olófòófó. Fèrèsé yàrá mi ló kàn kọjú sí ẹnu ọ̀nà gbogbo èèyàn, etí mi náà ò sì ní ìdérí. Bí ẹ bá dé ẹ̀yìn Lawanson níbí, ní Sùúrùlérè, tí wọ́n sọ fún yín pé ilé wa ni ilé tí àwòrán Ìyá Alágbo ti jáde láìní imú, òótọ́ ni. Kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́, kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ihò àárín dífídì ló gbé imú lọ. Ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra kí ẹ jókòó. Ẹ̀gúsí ọwọ́ mi kò tíì tán, ọ̀rọ̀ náà ò sì gùn.

Ìyá Alágbo ló pé ọdún 70. Ẹ mọ̀ ọ́n, ìyá tó ń ta àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gbà kí orúnkún tó ní kó jókòó sílé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló fi owó ránṣẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n pín abọ́ oníke, òun ò fẹ́ agboòrùn, òun ò fẹ́ táwẹ̀lì tí wọ́n kọ orúkọ sí. Kí wọ́n ká gbogbo ìnáwó náà sínú dífídì, kí wọ́n tẹ àwòrán ìyá òun sí i lójú, kí wọ́n wá pín in fún àlejò níbi ìdúpẹ́. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìdí-Òrò, ní Múṣin, ṣe tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kúlà ló pín. Kúlà gidi, èyí tí yìnyín kì í tètè yọ́ nínú rẹ̀. Ìyàwó wo ló fẹ́ kí ilé bàbá òun kéré lójú ilé ọkọ? Kúlà yẹn náà sì ní ìtàn tirẹ̀ o. Wọ́n ní àbúrò ọkọ kan ló kó mẹ́rin lọ ṣáájú kí àlejò tó dé. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀.

Ta ni yóò wá tẹ àwòrán? Bùọ̀dá Príńtà ni. Ọmọkùnrin yẹn tó ń gbé bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìnkùlé, tó jáde ní Yábàtẹ́ẹ̀kì. Ó ní Epson L805 kan tó fi ń tẹ káàdì ìdánimọ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ náà ní àtẹ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, orí àtẹ yẹn ni wọ́n ń tẹ́ dífídì sí. Íǹkì mẹ́fà ló ń lò, inú táńkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí, ìgò kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílílítà 70. Kì í ṣe gbogbo príńtà ló ń ṣe èyí o. Èyí tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà ní kafé, bí ẹ bá ti dífídì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ ti sọ ẹ̀rọ ẹni ẹlẹ́ni di ẹrù alágbàṣe nìyẹn.

Bùọ̀dá Onífídíò ló gba owó tí wọ́n máa fi ra dífídì. Mi ò sọ pé ó jẹ nínú rẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé ọjọ́ tó gbowó náà ló ra bàtà tuntun. Ó lọ sí ọjà kan tí n kò ní dárúkọ, ó ní kí wọ́n fún òun ní èyí tó funfun lójú. Wọ́n sì fún un ní èyí tó funfun lójú, 100 nínú ike kan ṣoṣo, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn lórí òpó. Kò béèrè nǹkan mìíràn. Ó gbé e, ó di ilé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, funfun kì í ṣe oríṣi kan. Bùọ̀dá Príńtà ló là mí lóye lọ́jọ́ tí mo gbé ẹ̀wà lọ fún un. Ẹ má fi ojú yẹn wò mí, ẹ̀wà ló ṣẹ́kù nílé. Ó ní èyí tí wọ́n ń kọ inkjet printable sí lára, wọ́n ti fi nǹkan kan kun ojú rẹ̀ tó ń mu íǹkì. Èyí tí wọ́n ń kọ thermal printable sí, ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n ṣe é fún, ẹ̀rọ tó ń fi ooru yọ́ àwọ̀ láti ara ríbọ́ọ̀nù lé e lórí. Òun náà funfun, òun náà ń dán. Ṣùgbọ́n òun àti íǹkì olómi ò mọ ara wọn rí. Bí ẹ bá tẹ àwòrán sí i, íǹkì á kàn léfòó síbẹ̀, á máa wò yín. Òní kò ní gbẹ, ọ̀la kò ní gbẹ.

Thermal ni Bùọ̀dá Onífídíò gbé wálé.

Wọ́n tẹ ẹyọ kan wò. Ìyá Alágbo yọ lójú dífídì, gèlè pupa fòò lórí, ẹ̀rín lẹ́nu. Gbogbo ilé rọ́ jáde. Bàbá Ìbejì, ẹni tí kì í rí nǹkan kó má fọwọ́ kàn án, fi àtàǹpàkò tẹ gèlè náà wò bóyá ó ti gbẹ. Kò gbẹ. Ó wá fi ọwọ́ kan náà tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ẹ̀wù funfun. Lálẹ́, nígbà tí Ìyá Ìbejì fẹ́ kó aṣọ rẹ sómi, ó rí i. Ó pupa, ó wà lára kọ́là, ó sì wà ní ọ̀gangan ọrùn.

Mo ti sùn o, àmọ́ ariwo náà jí mi, mo bá sáré jáde láti sọ fún wọn pé kí wọ́n má pariwo mọ́. Ìyá Ìbejì ní kí ọkọ òun dárúkọ obìnrin náà. Bàbá Ìbejì ní, "Ìyá Alágbo ni." Yéè! Ọkùnrin náà fẹ́ ṣàlàyé pé gèlè ojú dífídì lòun fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni kò dáa. Ìyá ẹni ọdún 70! Àwọn tó wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Bùọ̀dá Príńtà ló parí ìjà. Ó mú dífídì méjì wá, thermal kan, inkjet kan tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó fi omi ra ìka, ó fi kan etí funfun àwọn méjèèjì. Lórí inkjet, ìka rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, omi sì wọlé. Lórí thermal, omi ṣù jọ, ó ń yí kiri. Ó ní, "Màmá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wo ojú ẹ̀. Ibi tí ò bá mu omi, kò lè mu íǹkì. Íǹkì tí ò bá sì rí ibi wọ̀, kọ́là èèyàn ló ń wá kiri." Ìyá Ìbejì wò ó títí, ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí ọkọ òun má fọwọ́ kan gèlè obìnrin kankan mọ́, yálà èyí tó wà lórí tàbí èyí tó wà lórí dífídì.

Ìdánwò olómi yẹn, ẹ gbé e lọ sọ́jà. Ẹyọ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, ẹ fi ìka tútù kan etí rẹ̀ lójú ẹni tó tà á fún yín. Tó bá kọ̀, tó ní ẹ fẹ́ ba ọjà òun jẹ́, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

Nígbà tí wọ́n tún ránṣẹ́ sọ́jà, wọ́n fi aláwọ̀ fàdákà lọ̀ wọ́n. Inkjet lòun náà, ó sì rẹwà bó bá jẹ́ orúkọ àti òdòdó lásán lẹ fẹ́ tẹ̀. Ṣùgbọ́n príńtà ilé kò ní íǹkì funfun. Ibikíbi tó bá funfun nínú àwòrán, ńṣe ló ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìtẹ ohunkóhun, ìdí dífídì ni yóò sì hàn. Lórí fàdákà, eyín Ìyá á di irin, léèsì funfun rẹ̀ á di páànù. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, Ìyá Alágbo ti náwó sí léèsì yẹn jù kó wá di páànù.

Wọ́n mú funfun, wọ́n mú inkjet. Ibẹ̀ ni imú ti wá lọ.

Dífídì àti sídíì tó wọ́pọ̀, mílímítà 120 ni láti etí kan dé èkejì, ihò àárín sì jẹ́ mílímítà 15. Ìyẹn kì í yí padà. Ohun tó ń yí padà ni ibi tí funfun ti bẹ̀rẹ̀. Òmíràn wà tí funfun rẹ̀ jìnnà sí ihò, ó fi òrùka ike gbalasa sílẹ̀ láàárín, tí fífẹ̀ rẹ̀ ju mílímítà 40 lọ. Òmíràn wà tí funfun rẹ̀ sún wọ inú títí dé bíi mílímítà 22 tàbí 23. Hub printable ni wọ́n ń kọ sára ti ìkejì yìí. Olórùka ńlá ni wọ́n rà. Bùọ̀dá Príńtà ò sì sí nílé, àbúrò rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, ó gbé ojú Ìyá sí àárín gbùngbùn. Òrùka gbé imú, ó gbé ètè òkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ojú kan. Ohun tó hàn dáadáa ni gèlè, yẹtí méjèèjì, àti àgbọ̀n.

Wọ́n gbé e fún Ìyá Alágbo. Ó wò ó, ó yí i, ó ní, "Ta lèyí?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti ṣọ́ọ̀ṣì ní àmì ni, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Àmì wo? Àmì pé ẹnikẹ́ni ò fi rúlà wọ̀n ọ́n ni! Ẹ mú rúlà dání bí ẹ bá ń lọ ra dífídì. Kí ẹ sì rántí pé bó ti wù kí funfun sún mọ́ ihò tó, ihò ò ní dí. Ẹ gbé ojú èèyàn sí apá òkè tàbí ẹ̀gbẹ́ kan, kí orúkọ àti ọjọ́ wà nísàlẹ̀. Nínú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to àwòrán náà, àyè wà tí ẹ máa kọ fífẹ̀ òrùka inú àti ti òde sí. Bí ẹ bá kọ iye tí kò bá dífídì yín mu, íǹkì á bọ́ sórí ike, kò ní gbẹ, a ó sì tún máa wá ẹni tó fún Bàbá Ìbejì ní àmì lọ́rùn.

Ìyá Ìbejì dá àbá tirẹ̀. Ó ní ṣe bí wọ́n lè tẹ àwòrán sórí bébà tó ń lẹ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ dífídì. Bùọ̀dá Príńtà mi orí pé rárá. Dífídì ń sáré púpọ̀ bó bá ń yí. Bí bébà bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀ báyìí, àwo á máa gbọ̀n. Ooru á tún jẹ́ kí etí bébà ká, ó sì lè há sínú ẹ̀rọ mọ́tò. Bàbá tó ń wa takisí ní yàrá ìkẹfà ní òótọ́ ni, pé orin fújì kan ti há sínú tòun láti ìgbà Ọba Ṣàǹgó, kò jáde, kò sì kọrin.

Ó yẹ kí ojú wa là sí nǹkan wọ̀nyí, àwa ará Sùúrùlérè tí àwọn òṣèré fi àdúgbò wa ṣe ibùjókòó. Nígbà tí Kenneth Nnebue gbé fíìmù Living in Bondage jáde lọ́dún 1992, kásẹ́ẹ̀tì VHS ni. Lẹ́yìn náà ni VCD dé. Àwo VCD kan ò gbà ju bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ, ìdí nìyẹn tí fíìmù wákàtí méjì fi ń jẹ́ àwo méjì, tí ẹni tó yá Part 2 kì í sì í dá a padà. Mo mọ ẹni tó fi Part 2 Ìyá Ìbejì dé ìgò òróró. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn náà sílẹ̀.

Ẹ yí àwo fíìmù tí ilé iṣẹ́ ńlá tẹ̀ jáde padà, fàdákà ni ikùn rẹ̀. Ẹ wá yí èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà bọ́ọ̀nù padà, àwọ̀ àlùkò tàbí búlúù ni, nítorí aró wà nínú rẹ̀ tí iná lésà ń jó láti fi kọ nǹkan sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dá ayédèrú mọ̀ ní àtijọ́. Lọ́dún 2006, Nigerian Copyright Commission ṣe òfin fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo, pé kí wọ́n forúkọ sílẹ̀, kí àmì ìdánimọ̀ wọn sì wà lára àwo tí wọ́n bá tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ikùn yẹn gan-an ló ká mi lára. Ojú ni gbogbo èèyàn ń rà, wọn kì í béèrè ikùn. Bẹ́ẹ̀ gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bùọ̀dá Príńtà ní orúkọ ara páálí kì í ṣe ẹni tó se ọbẹ̀ dandan. Taiyo Yuden ti Japan, tí wọ́n wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sídíì àkọsínú ní nǹkan bí ọdún 1988, ti pa iṣẹ́ náà tì ní òpin ọdún 2015. Verbatim tí gbogbo onífídíò fi ń búra, Mitsubishi Chemical ló ni ín tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2019 ni wọ́n tà á fún CMC Magnetics ti Taiwan. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé orúkọ yìí lòun mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, orúkọ ló mọ̀. Ètò wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń ka àmì tí ẹni tó ṣe dífídì kọ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí MCC, àmì tí Mitsubishi ń lò tẹ́lẹ̀ ni. TYG, ti Taiyo Yuden ni tẹ́lẹ̀. CMC MAG, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Bí orúkọ páálí àti àmì inú kò bá bára mu, ẹ wá ẹni bi léèrè.

Ẹ bọ́ọ̀nù ẹyọ kan, kí ètò náà yẹ̀ ẹ́ wò bó ti parí, kí ẹ wá gbé e káàkiri ẹ̀rọ oríṣiríṣi. DVD-R ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ń gbà ju DVD+R lọ, ilé àwọn ìyá àgbà sì ni dífídì náà ń lọ. Ẹ má sáré bọ́ọ̀nù ẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 16x sí, ẹ fi sí 8x kí ẹ lọ jẹun.

Lọ́yà tó ń gbé iwájú ilé gbọ́ gbogbo èyí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní dífídì tí òun ń gbé lọ kóòtù kò nílò gèlè, ikùn rẹ̀ nìkan lòun ń ṣọ́. Láti ìgbà tí Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ti dé, abala 84 ló là á sílẹ̀ bí ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde ṣe lè di ẹ̀rí. Ó ní bí fídíò bá wá kọ̀ tí kò ṣí níwájú adájọ́, abala kankan ò lè ṣí i. Ẹ rántí Lọ́yà o, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Màmá Onígbàgbọ́ ti yàrá kẹta náà kó sídíì ìwàásù rẹ̀ jáde, ó ní ìdajì wọn ti ń fo. Bírò ló fi ń kọ orúkọ sí wọn lójú! Ẹ gbọ́, sídíì àti dífídì ò rí bákan náà nínú. Dífídì, ike méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, ohun tí wọ́n kọ wà láàárín wọn. Sídíì ní tirẹ̀, abẹ́ ojú lókè gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bò ó. Ẹni tó bá họ ojú sídíì ti họ ìwàásù kúrò. Màmá ní èṣù ni. Mo ní bírò ni.

Nígbẹ̀yìn, wọ́n rí hub printable, inkjet, èyí tí ojú rẹ̀ ń dán tí omi ò tètè bà jẹ́. Ó wọ́n ju tàkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n níbi ìdúpẹ́, ọwọ́ tó bá ti inú àmàlà jáde ni yóò gba dífídì. Èyí tí ojú rẹ̀ kì í dán dára fún ilé tí wọn kì í jẹ ewédú, bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá wà.

Wọ́n bọ́ọ̀nù ná, kí wọ́n tó tẹ àwòrán. Ìwé Epson fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, torí ìdọ̀tí àti ìka tó bá ti kan àwo lè ba ìkọsínú jẹ́. Nẹ́pà mú iná lọ láàárín, ọ̀kan sì kú sójú iṣẹ́. Irú èyí kì í ṣeé tún bọ́ọ̀nù. Wọ́n lọ yá jẹnẹrétọ̀ Bàbá Onílé. Wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀ fún wákàtí 24 gbáko, níbi tí oòrùn ò dé, kó tó di pé wọ́n kì wọ́n bọ àpò. Ìyá Alágbo wà lápá òkè, tòun timú. Ọmọ Peckham rí i lórí WhatsApp, ó ní kúlà ti kú.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ kọjá, gbogbo wa gbé tiwa délé. Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó mọ́. Láptọ́ọ̀pù àwọn ọmọ ìwòyí ò ní ẹnu tí wọ́n lè ti dífídì bọ̀. Bàbá Onílé nìkan ló ṣì ní ẹ̀rọ dífídì, ó fi aṣọ bò ó ní pálọ̀. Ó ní ká máa bọ̀, ó tilẹ̀ ra mínírà sílẹ̀. Gbogbo ilé wọlé tọ̀ ọ́.

Àwòrán mọ́ gaara. Ó dé ibi tí Ìyá ti ń jó, tí wọ́n ń náwó fún un. Bàbá Onílé tẹ̀ ẹ́ kó dúró, ó fi ọ̀pá tọ́ka sójú tẹlifíṣọ̀n. "Bàbá Ìbejì, ṣé ìwọ kọ́ nìyí? Owó tuntun yẹn ńkọ́, àti owó ilé oṣù mẹ́ta?" Ó tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Ó tún dá a dúró. "Màmá Onígbàgbọ́, ẹ mà lawọ́ o." Ó dé orí Lọ́yà, ẹni tó ń fọ́n náírà bí ẹni tí kò gbọ́ rí pé òfin CBN ti ọdún 2007 lè fi ẹni tó bá fọ́n owó sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Lọ́yà ní òun ò gbà pé òun nìyẹn, pé kò sí ìwé ẹ̀rí abala 84. Bàbá Onílé ní òun ò pè é lẹ́jọ́, owó ilé lòun ń béèrè. Ó ń dá a dúró, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó ń kọ orúkọ sínú ìwé. Èmi ti dìde, mo ní ọbẹ̀ mi wà lórí iná.

Dífídì náà kò há, kò fo níbì kankan, gbogbo ojú ló hàn ketekete. Ẹ bi ará ilé wa èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá pàdé: kò sẹ́ni tí kò gbàdúrà lọ́jọ́ yẹn pé kó kúkú jẹ́ ayédèrú ni wọ́n rà.